Bàtà Tó Jẹ Lápá Kan

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, ṣùgbọ́n ti oníbàtà yìí á kún un, á sì dà sílẹ̀. Bàbá Ìwàásù ni wọ́n ń pè é. Kí ènìyàn tó gbé bàtà tó fẹ́ kó tún ṣe kalẹ̀ tán, ó ti dé orí ìdájọ́. Àwọn oníbàárà mìíràn á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, láìwọ bàtà kankan. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Jésù tó jẹ́ Olúwa máa ń bi aláìsàn pé kí ló ń fẹ́. Ìwọ, o ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan rí.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá kan tiro wọlé, ó fọwọ́ ti ògiri. Bàtà obìnrin ló gbé kalẹ̀. Gìgísẹ̀ tòsì ti jẹ gan-an, tọ̀tún ò ṣe nǹkan kan.

“Bàbá, ẹ bá mi mú Màmá wá, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń tẹlẹ̀.”

“Ó ti kú. A ti sin ín.”

Oníbàtà lanu. Ọ̀rọ̀ ti tò sí i lẹ́nu: Ọlọ́run ló mọ̀ jù, wọ́n ti sinmi, ẹ má sunkún mọ́. Ṣùgbọ́n ó rí i tí bàbá náà ń gbára dì, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Gbogbo ayé ló ti sọ ìyẹn fún un, kò sì sẹ́ni tó dúró gbọ́ tirẹ̀. Àánú ṣe oníbàtà. Ó panu dé, ó sún àpótí fún un.

“Ẹ jókòó, Bàbá. Báwo ni Màmá ṣe máa ń rìn?”

Bàbá náà jókòó.

“Ó máa ń yára. Mo ní màá gbé bàtà yìí wá, mò ń fòní dónìí, mò ń fọ̀la dọ́la. Ó ní lọ́jọ́ tí mo bá gbé e wá, ayé ti fẹ́ parí nìyẹn.”

Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́. Ó wá ń sọ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń bá ìkòkò jà nínú ilé ìdáná, àti bí ohùn rẹ̀ ṣe máa ń yapa sí ti gbogbo ìjọ tí wọ́n bá ń kọrin. Oníbàárà méjì dé, oníbàtà juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n padà wá.

Nígbà tó yá, ó gbé bàtà òsì sókè. “Kí ló dé tí Màmá máa ń tẹ̀ sápá ibí?”

Bàbá náà fọwọ́ kan gìgísẹ̀ yẹn.

“Èmi ni. Èjìká òsì rẹ̀ ni mo máa ń gbára lé tí a bá ń rìn.” Ó bú sẹ́kún. “Má tún un ṣe mọ́, jọ̀ọ́. Kàn bá mi nù ún.”

Oníbàtà kò sọ pé kó dákẹ́. Ó nu bàtà náà títí tó fi ń dán. Nígbà tí bàbá náà dìde, tó tún na ọwọ́ sí ògiri, oníbàtà bọ́ sápá ọ̀tún rẹ̀.

“Ẹ gbára lé mi, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”

Bàbá náà wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Oníbàtà tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí bàbá náà má baà mọ̀ pé òun wúwo.