Òróró Tó Dì ní Ogójì

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Tíṣà fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kó tó fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ tí iṣẹ́ ti mọ́ lára kì í mọ ìsinmi. Kó tó pé oṣù mẹ́ta tó délé, ó ti tú rédíò, ó ti tú fáànù, ó tú aago ara ògiri, aago ọ̀hún ò sì sọ àsìkò mọ́ títí dòní. Nígbà tí kò rí nǹkan kan tú mọ́, ó wọ ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀, ó ní òun fẹ́ máa ṣe ọṣẹ.

Ìyàwó náà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Nọ́ọ̀sì nítorí iṣẹ́ tó fi jẹun, fara mọ́ ọn. Lẹ́ẹ̀kíní, Tíṣà ò ní sùúrù. Omi sódà, èyí tó ń sọ òróró di ọṣẹ, kì í wá iná kó tó gbóná. Tí èèyàn bá ti da sódà sínú omi, fúnra rẹ̀ ni yóò máa rú èéfín bí ẹni tí wọ́n bú baba rẹ̀. Bó ṣe gbóná náà ni Tíṣà dà á lé òróró. Ọṣẹ wú nínú àpótí tí wọ́n dà á sí, ó gun etí àpótí, ó ya sórí tábìlì, ó sì rọra wọ́ lọ bá àwọn ṣíbí nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì náà. Lẹ́ẹ̀kejì, ó fa tẹmómítà tí iléèwé fún un lọ́jọ́ ìdágbére yọ, ó ní òun ti kọ́ ẹ̀kọ́. Ọṣẹ ki wẹ́rẹ́, inú ọkùnrin náà dùn. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ṣí àpótí: òróró ti dì sókè, omi sódà ti rọ̀ sísàlẹ̀, kálukú wà láyè tirẹ̀ bí tọkọtaya tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan ló kù," Nọ́ọ̀sì sọ. "Tí èyí bá dáa, ilé ìdáná di tiyín. Tí ò bá dáa, ẹ kó ìkòkò yín jáde, kẹ́ ẹ sì gba ipò akọ̀wé tí Alága fi ń lọ̀ yín."

Alága ẹgbẹ́ àdúgbò ló ní lọ́kàn. Akọ̀wé wọn ti kó kúrò ládùúgbò, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ rọ́pò rẹ̀, nítorí ìpàdé wọn kì í tán. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi jiyàn lórí kọ́kọ́rọ́ géètì kan ṣoṣo. Tíṣà ní kàkà kí òun jókòó síbẹ̀, òun á kúkú máa ka iyanrìn.

Lọ́sàn-án Sátidé, Alága fúnra rẹ̀ dé. Ó gbé àpótí ìjókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fi ìwé ìpàdé lé itan, ó ń wo Tíṣà bí ológbò ṣe ń wo ẹni tó ń pa ẹja.

"Ẹ má dá mi lóhùn o," ó ní. "Mo kàn wá wòran ni."

Tíṣà wọ ìbọ̀wọ́, ó fi awò bojú, ó ṣí fèrèsé. Tẹmómítà méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí: tuntun tó rà lọ́jà wà nínú abọ́ omi sódà, ti iléèwé wà nínú ìkòkò òróró òrí. Kí sódà àti òróró jọ dé ogójì dígírì ló ń wá. Àmọ́ abọ́ sódà kéré, ìkòkò òróró tóbi. Sódà sáré tutù, ó lọ sísàlẹ̀ ogójì. Tíṣà gbé e sínú omi gbígbóná. Kó tó padà, òróró náà ti ń lọ sísàlẹ̀. Ó tún tan iná sí i. Báyìí ni wọ́n ń lé ara wọn, tí òógùn sì ń bọ́ lára olùkọ́.

Nígbẹ̀yìn, ó kígbe: "Ogójì! Ogójì méjèèjì!"

Nọ́ọ̀sì yọjú sínú ìkòkò. "Tíṣà, òróró yín ń dì."

"Kò lè dì. Ogójì ni."

"Mo ní ó ń dì. Ó ti funfun létí."

"Òróró òrí kì í dì ní ogójì, Nọ́ọ̀sì. Ó wà nínú ìwé."

"Ṣé òróró yìí ti ka ìwé náà?"

Alága bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara ìkòkò, bó ṣe máa ń kan iwájú orí aláìsàn. "Ẹni tí ara rẹ̀ bá tutù tó báyìí," ó ní, "àwọn ẹbí rẹ̀ la máa ń ránṣẹ́ pè."

"Tẹmómítà iléèwé kì í purọ́!"

"Ẹ dà á pọ̀ nígbà náà, Tíṣà," Alága sọ, ó sì ti ń ṣí bírò. "Ẹ dà á pọ̀, ọ̀rẹ́ mi."

Ohùn dídùn yẹn ló dá Tíṣà dúró. Ó gbé abọ́ sódà kalẹ̀. Ó nu tẹmómítà méjèèjì mọ́, ó kì wọ́n bọ inú ife omi kan ṣoṣo. Ọ̀kan ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, èkejì ní ogójì. Ó gbé omi kaná títí ó fi hó, ó tún kì wọ́n bọ̀ ọ́. Tuntun dúró ní ọgọ́rùn-ún, jẹ́ẹ́. Ti iléèwé gun nọ́ńbà tó kẹ́yìn kọjá, ó ń wá ibi tí yóò gbà jáde.

Tíṣà gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ìlà pupa inú rẹ̀ ti já sí méjì, afẹ́fẹ́ díẹ̀ wà láàárín. Ó rántí pé ó bọ́ lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ tí òun ń tú aago.

"Dígírì mọ́kànlá ló fi ń purọ́ fún mi," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Níwájú ẹlẹ́rìí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́," Nọ́ọ̀sì ní. "Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ẹ dáná sí òróró."

Tẹmómítà tuntun nìkan ló kù fún iṣẹ́ méjì. Tíṣà ń nù ún, ó ń sáré láti ìkòkò sí abọ́, láti abọ́ sí ìkòkò. Nígbà tí méjèèjì dé ogójì lóòótọ́, ó rọra da sódà sínú òróró, ó ń rò ó. Alága pa bírò dé. Kò pẹ́, ọṣẹ ki, ó jọ̀lọ̀, àmì ọmọrogùn sì ń hàn lójú rẹ̀ bí ipa ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé lórí àpótí ọṣẹ. Tíṣà fi ọ̀bẹ la ọṣẹ láàárín méjì. Ó le dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí omi, kò sí ọ̀rá. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó yege ìdánwò.

Alága dìde, ó káwé rẹ̀ mọ́ra. "Kò burú. Ó dìgbà kan ná."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi níwèé yẹn, Alága," Nọ́ọ̀sì sọ. Ó ṣí i, ó fi bírò kọ orúkọ ara rẹ̀ síbi tí wọ́n kọ akọ̀wé sí. "Ìgbà wo nìpàdé?"

Ẹnu Alága fẹ́ẹ̀ má lè padé. "Gbogbo... gbogbo ọjọ́rú, aago márùn-ún."

"Ó dáa." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó tú aṣọ ìdáná kúrò nídìí, ó fi kọ́ ọ lọ́rùn. "Ẹ kú oríire, Tíṣà. Ilé ìdáná ti di tiyín. Kí la fẹ́ jẹ lónìí?"