Akàn Pupa àti Ẹ̀jẹ́ Olórí Samrit

Bí èèyàn bá ń gba títì etíkun Trat lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ sí erékùṣù Chang, ojú Olórí Samrit lórí pátákó ńlá kan ló máa kọ́kọ́ rí kó tó rí òkun. Pátákó náà fi díẹ̀ ga ju igi àgbọn lọ. Samrit dúró lórí rẹ̀ nínú aṣọ ìjọba funfun, àmì ẹ̀yẹ láyà, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni ń kí èèyàn, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá òkun sílẹ̀ tó sì rí i pé ó dára. Òkun gan-an kò ṣàì sí nínú àwòrán náà. Ó wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ òsì olórí, kò tóbi ju àwo ọbẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: HIN DAM Ń KÍ YÍN KÁÀBỌ̀.

Àwọn àlejò á wo ojú yìí, wọn á sì kọjá lọ.

Ohun tó ń dun abúlé náà nìyẹn. Hin Dam ní òkun, ó ní àpáta dúdú, akàn rẹ̀ dùn ju akàn ibikíbi lọ, ṣùgbọ́n erékùṣù ló ń gbé gbogbo àlejò mì. Ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n nìkan ló ń dúró ní Hin Dam. Pákó èbúté ti ń jẹrà, àwọn ọ̀dọ́ sì ń lọ sí erékùṣù lọ́kọ̀ọ̀kan láti máa tẹ́ ibùsùn fún àwọn tó wá gbafẹ́.

Àfi bí ìròyìn ṣe dé pé Màdáámù Phensi, obìnrin Bangkok tó ni àwọn ọkọ̀ funfun tó ń kó àlejò káàkiri erékùṣù, ń wá abúlé kan ní etíkun tí ọkọ̀ rẹ̀ á máa yà sí lójoojúmọ́, kí àwọn àlejò lè jẹun, kí wọ́n sì wòran. Abúlé méjì ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀: Hin Dam, àti Khlong Yang tí Thongdi jẹ́ olórí rẹ̀. Samrit pe ìpàdé, ó sì dìde sọ̀rọ̀.

"Ẹ fetí sílẹ̀. Bí ọkọ̀ Màdáámù ò bá yan Hin Dam lẹ́ẹ̀rùn yìí, ẹ yọ ojú mi kúrò lórí pátákó yẹn. Kí ẹ fi ti ẹlòmíràn síbẹ̀. Kódà kí ẹ fi ti Thongdi!"

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn kan pa á ju bí Samrit ṣe fẹ́ lọ.

Nǹkan àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó kọ́ akàn. Ó ti ṣàkíyèsí pé kò sí abúlé etíkun kan tó mọ iyì ara rẹ̀ tí kò ní ère ńlá tirẹ̀, torí náà ó ní kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ akàn kan tó tó ilé sí ẹnu èbúté, kí wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kùn ún láti orí dé èékánná. Ọjọ́ tí ọ̀dà gbẹ, Uraiwan ìyàwó rẹ̀ dúró níwájú ère náà, ó ká ọwọ́ lẹ́rán.

"Bàbá Kaeo, kí ló pa á?"

"Kí ló pa kí ni?"

"Akàn yín yìí. Ọmọ apakàn ni mí o. Akàn ààyè inú òkun wa, àwọ̀ aró ló ń dán lára wọn. Bí ẹ bá ti rí i tó pọ́n báyìí, á jẹ́ pé ó ti kúrò nínú omi, ó ti dénú ìkòkò. Èyí ti jinná. Ata ló kù tí ẹ ò tíì gún sí i."

"Pupa ló ń fa ojú mọ́ra," Samrit ní, inú ń bí i. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé láti ìgbà tó ti joyè, orí àwo nìkan ni òun àti akàn ti ń pàdé.

Nǹkan kejì tó ṣe ni pé ó lọ bá Ìyá Àgbà.

Ilé Ìyá Àgbà kékeré wà lórí àpáta dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté. Òun ni ẹ̀mí tó ni orí ilẹ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀, òun ló sì ń ṣọ́ àwọn tó ń lọ sókun. Bí èèyàn bá ń wá nǹkan, yóò gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò pupa kalẹ̀ fún un, yóò tan tùràrí, yóò sì jẹ́ ẹ̀jẹ́. Bí nǹkan náà bá bọ́ sí i, kó yáa wá san án. Ìyá Chalao, arúgbó tó ń gbálẹ̀ ojúbọ náà, ló wà níbẹ̀ nígbà tí Samrit dé.

"Thongdi wá lánàá," ni Ìyá Chalao wí, bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́kàn.

Samrit dúró sójú kan. "Thongdi? Kí ló jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

"Ọgọ́rùn-ún ẹyin bíbọ̀, bí Màdáámù bá yan Khlong Yang."

"Ẹyin!" Samrit bú sẹ́rìn-ín. "Ẹyin lásán-làsàn! Ìyá, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀."

Ó kúnlẹ̀, ó gbé tùràrí sókè, ó sì kígbe bí ẹni pé etí ti di Ìyá Àgbà: "Ìyá Àgbà, èmi Samrit ni o, olórí Hin Dam, ẹni tí fọ́tò rẹ̀ wà lójú títì. N ò ní dà yín láàmú púpọ̀. Ẹ ṣáà bá mi mú ọkọ̀ Màdáámù Phensi fara kan èbúté wa. Ìyókù, ẹ fi sílẹ̀ fún mi, ẹnu mi tó o sọ. Ọjọ́ tó bá ti gúnlẹ̀ gan-an, èmi fúnra mi ni màá jó fún yín nínú aṣọ funfun mi, kì í ṣe pé màá háyà oníjó o, kí omi tó fà kúrò lẹ́sẹ̀ àpáta yín!"

Ìyá Chalao gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. "Samrit, o ti jó rí?"

"Ìyá, èmi àti Ìyá Àgbà la jọ sọ ọ́. Ẹ̀yìn àpáta níbí la ó ti parí ẹ̀. Ta ló máa rí wa?"

"Ìyá Àgbà ti gbọ́," ni arúgbó náà sọ, ó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀. "Èmi náà sì ti gbọ́."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ Màdáámù jáde láti erékùṣù, ó kún fún àlejò. Samrit dúró lẹ́nu èbúté nínú aṣọ funfun tí Uraiwan lọ̀ títí ó fi le bí pákó, gbogbo abúlé wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń wo ọkọ̀ náà bó ṣe ń bọ̀, tó ń bọ̀, tó sì kọjá lọ tààrà sí ọ̀nà Khlong Yang.

Samrit rí i bí àwọn kan ṣe yíjú wo pátákó rẹ̀ lókèèrè, bí ẹni ń wọn àyè tí ojú mìíràn á gbà.

Ṣùgbọ́n inú odò tóóró ni èbúté Khlong Yang wà, omi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ọkọ̀ náà dúró lẹ́nu odò, ó fì síhìn-ín, ó fì sọ́hùn-ún, ó sì yí orí padà. Àwọn aṣọ aláràbarà tí wọ́n so mọ́ iwájú rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bó ṣe kọjú sí Hin Dam. Ìgbà tó fara kan pákó èbúté, ariwo ta.

"Mo sọ bí?" ni Samrit ń wí fún gbogbo ẹni tó súnmọ́ ọn. "Ṣé mi ò sọ?"

Màdáámù Phensi bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú awò dúdú lójú. Atukọ̀ rẹ̀ ké sí i pé, "Màdáámù, ẹ má pẹ́ o, omi ń lọ!" Àwọn àlejò bọ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé e, àwọn ará Bangkok àti àwọn òyìnbó. Òyìnbó sanra kan wà láàrin wọn tí oòrùn ti bó lára, tó fi jẹ́ pé òun àti akàn Samrit jọ bí ìbejì.

Samrit bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó sọ nípa bàbá rẹ̀. Ó sọ nípa bí wọ́n ṣe fi òun joyè. Ó ka àwọn àmì ẹ̀yẹ àyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá na ọwọ́ sí akàn. "Màdáámù, kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo Trat!"

Màdáámù yọ awò ojú rẹ̀. "Olórí, láti Bangkok títí débí, mo ti rí ede sìmẹ́ǹtì, mo ti rí ẹja sìmẹ́ǹtì, mo ti rí ọ̀pẹ òyìnbó sìmẹ́ǹtì tó wọ awò. Gbogbo wọn ló ní olórí tó ń sọ̀rọ̀ nídìí wọn." Ó wo akàn náà. "Ẹni tó se èyí kò sì tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Samrit gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí Uraiwan ń wú ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́.

"Ẹ ṣeun o. Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni Màdáámù wí fún àwọn èèyàn rẹ̀. "A ó lọ sí Khlong Yang lọ́jọ́ tí omi bá kún."

Ẹnu Samrit tó tó o sọ tún bẹ̀rẹ̀ látorí bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Màdáámù ti kẹ̀yìn sí i. Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyá Chalao la àárín èrò kọjá, ó gbé báàfù páànù kan dání.

"Samrit, omi ti fẹ́ fà kúrò lẹ́sẹ̀ àpáta."

Samrit fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ìyá, ẹ dákun, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ ò rí àlejò ni? Ẹ jẹ́ ká ṣe é lọ́la."

"Lọ́la, omi mìíràn ni. O ní kó ṣáà mú un fara kan èbúté. Ṣé kò fara kàn án ni?"

"Níwájú Màdáámù? Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dé Bangkok!"

"Èmi kọ́ lo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún. Lọ sọ fún Ìyá Àgbà pé ojú ń tì ẹ́."

Samrit wo Màdáámù tó ti gbé ẹsẹ̀ kan lé pákó ọkọ̀. Ó wo omi. Bàbá rẹ̀ máa ń sọ ìtàn ọkùnrin kan tó jẹ́jẹ̀ẹ́ tí kò san án: títí ọkùnrin náà fi kú, bàtà sálúbàtà nìkan ni àwọ̀n rẹ̀ ń kó jáde nínú òkun, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kò sì bára wọn mu rí. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀. Samrit gun orí àpáta. Ó fi orí balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta fún Ìyá Àgbà, ó dìde, ó pa ojú dé, ó sì na ọwọ́ méjèèjì síta bí ẹni tó ń wá ọ̀nà nínú òkùnkùn.

Ìyá Chalao kan báàfù. Gbàn! Gbàn-gbàn!

Ká má purọ́, ẹsẹ̀ olórí kò gbọ́ ohun tí báàfù ń wí. Ó gbé ọ̀kan, ó gbàgbé èkejì. Aṣọ funfun náà dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí páànù. Kò sẹ́ni tó tíì rí irú rẹ̀ rí. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, gbogbo èrò sì tẹ̀ lé e.

"Ọwọ́, Bàbá Kaeo! Ọwọ́!" Uraiwan ti gun àpáta, ó wà níwájú rẹ̀, ó ń tẹ ìka bí ẹni ń tẹ ewé. "Ijó ni mo ní, ẹ̀ ń lé eṣinṣin!"

"Uraiwan, kúrò níbí, ojú ń tì mí!"

"Ìgbà ìtìjú ti kọjá. Ẹ wò mí. Báyìí. Ẹ yí i!"

Samrit la ojú, ó yí i. Ìgbà tó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó bọ́ sí i. Ẹnì kan ti sáré gbé àwọn ìlù gígùn wá láti tẹ́ńpìlì, àwọn apẹja gbé wọn kọ́ ọrùn, ìlù náà sì wọ inú báàfù Ìyá Chalao. Nǹkan kan tó ti le gbagidi lẹ́yìn Samrit láti ọjọ́ tó ti joyè tú sílẹ̀. Ó tẹ̀, ó dìde, ó fi ìdí ta ìlù lóhùn. Bọ́tìnnì idẹ kan já láyà rẹ̀, ó fò lọ bá òyìnbó pupa yẹn níkùn, òyìnbó sì rò pé bí wọ́n ṣe ń peni síjó ní Hin Dam nìyẹn. Ó bọ́ sí agbo. Àwọn yòókù rọ́ tẹ̀ lé e.

"Màdáámù!" ni atukọ̀ ń ké. "Omi ń lọ o!"

Màdáámù Phensi ti bọ́ bàtà. "Jẹ́ kó lọ!" ló ké padà láti inú agbo.

Omi náà lọ lóòótọ́. Ọkọ̀ funfun jókòó sínú ẹrẹ̀ bí ẹyẹlé tó ń sàba, kò sì ní gbéra títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn obìnrin Hin Dam dáná. Akàn aláwọ̀ aró wọ ìkòkò, àwọ̀ akàn Samrit ni wọ́n fi jáde.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Samrit ń wí, ó ń tọ́ka láti orí àwo sí ẹnu èbúté, òógùn ti lẹ aṣọ mọ́ ọn lára. "Ṣé ẹ rí i pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rí?"

Màdáámù fi eyín fọ́ èékánná akàn kan. "Olórí, kò sí olórí etíkun yìí tí kò tíì sọ̀rọ̀ fún mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ jó. Láti ọ̀la lọ, ibí ni ọkọ̀ mi á máa yà sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ̀rọ̀ dípò ijó, Khlong Yang ni mò ń lọ."

Ariwo tó sọ ní Hin Dam lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ ní Khlong Yang. Samrit dúró kí ó rọlẹ̀, ó wá fa ọrùn aṣọ rẹ̀ tọ́.

"Màdáámù, ohun tí mo ti gbèrò láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Akàn fẹ́rẹ̀ẹ́ há Uraiwan lọ́fun. Ìyá Chalao lu ú lẹ́yìn.

Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, pákó tuntun ti wà ní èbúté, àwọn ọ̀dọ́ kan sì ti kó ẹrù wọn padà wálé láti erékùṣù. Àwọn àlejò ń jó, wọ́n ń jẹ akàn, wọ́n ń to ìlà láti ya fọ́tò pẹ̀lú akàn pupa. Ní ọjọ́ kan Samrit rí ọkùnrin kan láàrin wọn tó fi fìlà àkẹtẹ̀ bojú. Ó rọra jó lọ bá a, ó ṣí fìlà náà: Thongdi ni!

"Mo kàn ń kọjá ni," Thongdi ní.

"Nínú ọkọ̀ àlejò?" Samrit fà á lọ́wọ́ wọ agbo. "Ó yá, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jó! Ẹyin kì í jó!"

Ojú Samrit ṣì wà lórí pátákó. Wọ́n ti pààrọ̀ fọ́tò náà: ẹnu rẹ̀ là, ẹsẹ̀ kan wà lókè, bọ́tìnnì kan ò sí, Uraiwan wà níwájú rẹ̀, òkun sì tẹ́ lọ rẹrẹ lẹ́yìn wọn. Àwọn mọ́tò ti ń yà níbẹ̀ báyìí láìsí ìtọ̀ kankan. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni olórí ṣì ń bá ẹni tó ya fọ́tò náà rò, pé òkun ti gba àyè jù.