Élise Ló Wà Níwájú

Gbogbo Lomé ti sá. Ẹni tó lẹ́sẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ sá lọ sí Gánà, ẹni tó ní mọ́tò ti gbé e lọ sí Benin. Àwọn ajá tó kù ní àdúgbò Nyékonakpoè ò rí èèyàn gbó mọ́, òjìji ara wọn ni wọ́n ń gbó. Láti ìgbà tí grève, ìyanṣẹ́lódì, ti mú ìlú, tí ìbọn sì dún lóṣù kìíní, ibẹ̀ dákẹ́ débi pé bí eèrà bá wúkọ́ ní ọjà Adawlato, wọ́n á gbọ́ ọ létí òkun. Ẹ lè rò pé irọ́ ni. Ó dáa, ẹ lọ bi eèrà.

Adésọjí nìkan ni ò sá. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹnu ẹ̀ kì í pa dé, tó bá sùn pàápàá, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní tí òun bá kúrò nídìí rúútà, Lomé àti Kútọnu ò ní gbọ́ ohùn ara wọn mọ́ títí ayé.

Rúútà yìí, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Àpótí ni, kò ju páálí bàtà lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà bá fẹ́ sọ fún ọfíìsì wọn ní Kútọnu, inú ẹ̀ ló ń gbà kó tó bọ́ sórí wáyà kan ṣoṣo tó lọ síbẹ̀. Wáyà náà sì tín-ín-rín ju ọrùn igún lọ, ọ̀rọ̀ tó pọ̀ ò lè jọ gbà á. Ni Adésọjí bá tò wọ́n sí ìlà mẹ́rin, bí èèyàn ṣe ń tò nídìí omi ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ló fi sí ìlà àkọ́kọ́. Bonjour, ça va, ṣé ìyàwó ti bímọ, gbogbo ìyẹn wà nílà tó kẹ́yìn. Òfin ẹ̀ le bí ojú ìyàwó àgbà: bí ìlà àkọ́kọ́ ò bá tíì tán, ìlà ẹ̀yìn ò gbọdọ̀ mira. Ọjọ́ tó ṣe é tán, ó ń rìn ní Nyékonakpoè bí ẹni tó gbẹ́ òkun.

Élise ló ń fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́, nínú yàrá kan lókè. Ọjọ́ tí ìbọn dún, ó wà lẹ́nu ẹ̀. Ó fi kọ̀ǹpútà ẹ̀ sílẹ̀ kó máa ránṣẹ́ lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì, ó ní òun ń bọ̀. Kò dé ilé. Lójú títì, lọ́sàn-án gangan, ìbọn bà á. Òkú ẹ̀ ṣì wà nílé ìgbókùúsí, torí gbogbo ẹbí tó yẹ kó sin ín ti sá.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ẹ̀ ò gbọ́ pé ó ti kú. Ó ń ránṣẹ́. Kútọnu ò gbà á tán rí, kọ̀ǹpútà á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Láti ọjọ́ náà ni iná kékeré ara rúútà ti ń ṣẹ́jú, bí ojú aláìsàn tí oorun ti kọ̀ sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni Joséphine já wọlé. Òun náà ò tíì sá. Òun ni akọ̀wé ilé iṣẹ́ náà, ọmọ Mina, ará Togo, àmọ́ àárín àwọn Yorùbá tó ń ta aṣọ ní Adawlato ló dàgbà sí.

"Anàgó!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá níbẹ̀. "O ṣì jókòó síbẹ̀!"

"Dada, ẹ káàárọ̀." Dada ni Adésọjí ń pè é, bí àwọn Mina ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin. "Ṣé ẹkùn ló ń lé yín ni?"

"Ẹkùn sàn. Àǹtí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Aneho dé, lójú ọ̀nà Kútọnu. Àwọn oníbọn kan ti dí ọ̀nà. Mọ́tò tó bá ti Kútọnu bọ̀, wọ́n á wọ́ dírẹ́bà bọ́ sílẹ̀, wọ́n á dáná sun mọ́tò. Wọn ò tíì rí ìkankan nínú àwọn dírẹ́bà yẹn."

Adésọjí fò dìde lórí àga. Ìbùkún, àbúrò ẹ̀ kan ṣoṣo, máa gbéra ní Kútọnu lónìí, tó bá ti jẹun ọ̀sán, láti wá fi mọ́tò gbé e. Àbúrò ò sọ pé òun ń bọ̀ o. Pẹ̀lú gbogbo ariwo rúútà ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ló fi tẹlifóònù pè é lánàá. Ó ní ẹni bíi tòun ò lè máa fẹsẹ̀ rìn láàárín èrò.

Ó gbé tẹlifóònù. Ìyẹn hanrun sí i létí, ó kú. Ó tẹ ọ̀rọ̀ sí Àlàbí, akẹgbẹ́ ẹ̀ ní ọfíìsì Kútọnu: "Dá Ìbùkún dúró. Kó má wá." Ọ̀rọ̀ náà lọ tò sílà tó kẹ́yìn. Ẹ̀yìn Élise.

"Màá mú un kúrò níwájú."

"Ta ni?"

"Élise."

Joséphine gbé ọwọ́ lé àyà. "Ẹni tí wọn ò tíì sin? A kì í gba ipò lọ́wọ́ òkú tí ilẹ̀ ò tíì gbà. Tóo bá fẹ́ ẹ, lọ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀."

"Dada, kọ̀ǹpútà ni. Kì í ṣe èèyàn."

"Ta ló wá ń tẹ̀ ẹ́? Mo máa ń gbọ́ ọ."

"Kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́!"

"Ehn-ehn. Lọ pa á nígbà náà, ọkùnrin ogun."

Bó bá gé wáyà tó lọ sókè, kọ̀ǹpútà tiẹ̀ náà á kú, torí wáyà kan náà ló gba gbogbo yàrá. Ó gòkè láti lọ já ilẹ̀kùn. Ó gbé èjìká tì í. Ló bá gbọ́ ọ nínú yàrá: tá-tá, tá. Ó dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń ronú ọ̀rọ̀ tó kàn. Tá-tá. Pàùdà Élise ń ta sánsán lábẹ́ ilẹ̀kùn, bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ún. Àtẹ̀gùn tó fi sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kan ìkankan.

Ó jókòó, ó kọ òfin tuntun fún rúútà: ọ̀rọ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ Àlàbí síwájú, Élise sẹ́yìn. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò sóhun tó yí padà. Ó tún un kọ. Iná ń ṣẹ́jú. Òógùn ojú ẹ̀ tó omi tí wọ́n lè fi fọ mọ́tò.

"Dada, ó kọ̀."

"Ó kọ̀ kẹ̀? Ṣé o bẹ̀ ẹ́ ni?"

Oòrùn ti ń sún mọ́ àárín orí. Adésọjí bu omi sínú ife, ó gòkè. Ó ta á sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Élise.

"Élise, èmi ni. Mo mọ̀ pé ìwọ lo wà níwájú, èmi ni mo fi ọ́ síbẹ̀. Yá mi lọ́nà yìí. Àbúrò mi ni. Tí ọ̀rọ̀ mi bá ti kọjá, màá dá a padà fún ọ."

Ìró inú yàrá ò dúró. Ó kàn rọlẹ̀, bí ẹni tó dẹ ọwọ́ kó lè gbọ́ràn.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ara ẹ̀ ti wálẹ̀, ojú ẹ̀ sì là. Rúútà lẹ́nu ọ̀nà méjì. Ọ̀kan kọjú sínú ilé, sí wáyà tó lọ bá Élise. Èkejì kọjú síta, sí Kútọnu, ibẹ̀ ni èrò ti ń há, ibẹ̀ ni òfin ń ṣiṣẹ́. Adésọjí wò ó: òfin tuntun tó kọ, ẹnu ọ̀nà inú ilé ló fi sí, lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ọ̀nà Kútọnu kọ́ ló ń tún ṣe látàárọ̀. Obìnrin tó wà lókè ni Adésọjí ń ti ilẹ̀kùn mọ́, kó má baà sọ̀ kalẹ̀ wá bá a.

Kò sọ fún Joséphine. Ó gbé òfin náà lọ sí ẹnu ọ̀nà ìta. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ bẹ́ síta bí ẹyẹ tó já lókùn.

Wọ́n dúró. Joséphine ń fi Mina gbàdúrà, Adésọjí ń ṣe àmín sí ohun tí kò gbọ́ yé. Oòrùn ti yẹ̀ díẹ̀ kí Àlàbí tó fèsì:

"Mọ́tò ti ń yí. Mo sá tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta epo inú ìgò. Ìbùkún wà lọ́dọ̀ mi, ó ń bú ẹ. Ó ní ṣé o ò lẹ́sẹ̀ ni?"

Joséphine bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń já bọ́ lójú ẹ̀. Adésọjí fi orí lé tábìlì. Nígbà tó gbé e sókè, ó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì.

"Kí lo tún fẹ́ ṣe?"

"Mo ṣèlérí fún un."

Ó dá Élise padà síwájú. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wo iná rúútà.

Iná ò ṣẹ́jú. Ó wo ìlà àkọ́kọ́: òfìfo. Ó wo ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yòókù bóyá ó ṣìnà síbẹ̀. Kò sí. Lókè, kò sí tá, kò sí tá-tá. Ìdákẹ́jẹ́ náà wúwo ju gbogbo ariwo tó ti ń dún láti ọjọ́ náà lọ.

"Ṣé ó ti lọ?" Joséphine sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mi ò mọ̀, Dada."

"Wá fi nǹkan míì síbẹ̀, kí ọ̀nà má baà ṣófo."

Adésọjí, tó lẹ́nu ju gbogbo Lomé lọ, mi orí. Ó fi ìlà náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó rọra fa àga sẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́ kí àgbà kọjá.