Ibú Tó Ṣí Lọ Sídìí Ilé Delmer

Láti ìgbà tí irun orí Lavena ti dúdú kirikiri ló ti ń bá dáàmù tí ilé-iṣẹ́ iná fi sé odò wọn jà. Kò sí ìpàdé tí kò dé, kò sì sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ iná tí kò wojú rẹ̀ bú. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ pé: Ẹ JẸ́ KÍ ODÒ LỌ SÍBI TÓ WÙ Ú. Láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, tí wọ́n ti wà létí odò náà kí òyìnbó tó dé, ibú ní ẹni tó ni ín bí ilé ṣe ní onílé. O ò gbọdọ̀ ju àwọ̀n sí ibú ẹlòmíràn láìtọrọ. Ibú bàbá Lavena wà lábẹ́ adágún tí dáàmù sé. Ohun tó ń wá kò ju kó tún dẹ àwọ̀n síbẹ̀ kó tó kú, kó sì jẹ sámọ́ọ̀nù, ẹja tó máa ń ti inú òkun padà wá sódò, èyí tó fi ìrù ara rẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ dé ilé.

Delmer, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, wà lára àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù náà. Òun ló ń ṣí ìlẹ̀kùn omi tó sì ń tì í. Tí Lavena bá ń ṣe ìwọ́de kọjá, Delmer á ní kí àǹtí òun bá òun kí àwọn ẹja tó ń wọ bàálù bọ̀ látìgbà tí dáàmù ti dínà mọ́ ti odò.

Nígbà tó yá, ìjọba gbà, wọ́n wó dáàmù. Lavena sunkún ayọ̀ títí ojú rẹ̀ fi wú. Adágún gbẹ, ó sì sáré lọ wo ibú bàbá rẹ̀. Ẹrẹ̀ ló bá níbẹ̀, ẹrẹ̀ tó ga jù ú lọ. Odò ti gba ọ̀nà míì. Ìdí ilé Delmer ló gbà, ó sì gbẹ́ ibú rèǹtè-rente kan síbẹ̀ lábẹ́ àpáta.

Nígbà tí ewé ń wọ́, ẹja dé. Àwọn ará ìlú jẹ́ kí àwọn ẹja aṣíwájú kọjá láìfọwọ́ kàn wọ́n, bí àṣà ti wí. Àwọn tó tẹ̀lé wọn sọ ibú Delmer di ilé ìsinmi.

Lavena gbé ẹjọ́ lọ bá àwọn àgbà. Ó ní ibú bàbá òun ló ṣí lọ. Bí ajá ẹni bá lọ sùn nílé aládùúgbò, ṣebí ajá ẹni náà ni. Àgbà kan yọjú lójú fèrèsé, ó sì ka ohun tó wà lára ọkọ̀ rẹ̀ sókè ketekete. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì ní Delmer ló ni ibú. Ọ̀bẹ kì í kúkú mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ẹni a bá lábà sì ni baba. Ọ̀rọ̀ náà dun Lavena wọ eegun, kò sì yọjú síta fún ọjọ́ mélòó kan. Àmọ́ láti orí ibùsùn rẹ̀ ló ti ń gbọ́ bí ẹja ṣe ń fò nínú omi. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó ká àwọ̀n bàbá rẹ̀, ó lọ.

Delmer jókòó síwájú ilé, fìlà ilé-iṣẹ́ dáàmù ṣì wà lórí rẹ̀.

"Delmer, mo wá tọrọ ibú ẹ."

"Ẹ dákun, Àǹtí, ẹ tún un sọ. Etí mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́."

"O gbọ́ mi. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Delmer wolẹ̀. "Látìgbà tí àwọn ẹja yìí ti dé ni mo ti ń wò wọ́n. Mi ò mọ àwọ̀n dẹ, Àǹtí. Ẹja inú agolo ni mò ń jẹ. Ẹ̀rù yín ló sì ń bà mí tí mi ò fi wá bẹ̀ yín."

Lavena sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibú, ó ju àwọ̀n, ó sì fa ẹja kan tó tó itan ọmọdé jáde. Wọ́n fi igi gún un, wọ́n yan án lẹ́bàá iná títí òórùn rẹ̀ fi gba gbogbo ilẹ̀. Itọ́ kún ẹnu Lavena. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà tí òun fúnra rẹ̀ ti fi kọ́ ọmọ, fi kọ́ òyìnbó, ní gbogbo ìpàdé: ẹni tó dẹ àwọ̀n kò gbọdọ̀ tọ́ ẹja wò kí ẹni tó ni ibú tó jẹ.

Ó gé ibi ọ̀rá ikùn ẹja náà, ó sì nà án sí Delmer. Inú bí i, omijé sì tún fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Delmer ṣí fìlà. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbé e mì, ó sì pajú dé fún ìgbà díẹ̀.

"Ó dùn o, Àǹtí," ó ní. "Àmọ́ iyọ̀ ẹ̀ ò tó."

Lavena wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó dìde lọ bu iyọ̀ wá fún ẹni tó ni ibú.