Ìdákẹ́jẹ́ Tọkọtaya Kejìlélọ́gbọ̀n

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí ní ọ́fíìsì ìwádìí yẹn kò le lójú ẹni tí kò bá ṣe é rí: kó máa fetí sí ohùn àwọn tọkọtaya tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn agbaninímọ̀ràn, kó sì máa tẹ ohun tó bá gbọ́ sórí kọ̀ǹpútà, láìyọ ọ̀kan kúrò, láìfi ọ̀kan kún un. Ó mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Ìyàwó tó bá ń sunkún tó fi áńkáṣífù bo ẹnu, yóò gbọ́ ohun tó sọ. Ọkọ tó bá ń kùn sínú, yóò gbọ́ tiẹ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Elétí Ehoro. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn, bó tilẹ̀ máa ń fajú ro bí wọ́n bá pè é, kí wọ́n má baà mọ̀.

Ọ̀gá ló ni ìwádìí. Obìnrin àgbà ni, ó ti fi ọgbọ̀n ọdún gba tọkọtaya àti ìdílé nímọ̀ràn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè pé nínú gbogbo ohun tí àwọn ń ṣe fún èèyàn, èwo gan-an ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́? Wọ́n ti gba ohùn tọkọtaya mọ́kànlélọ́gbọ̀n sílẹ̀. Kò sí orúkọ ẹnì kankan lórí ìwé, nọ́ńbà nìkan ni. Bí Elétí Ehoro bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, yóò kan akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Onípẹ́ńsù. Òun ló máa ń fi pẹ́ńsù pupa kun gbogbo ibi tí ẹnì kan bá ti béèrè ọ̀rọ̀ tí ẹnì kejì ò dáhùn. Ìdákẹ́jẹ́ tó bá ti ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, òfin wọn ni pé kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sínú àkámọ́. Bí pupa bá ti gba ju ìdajì ojú ìwé lọ, iná ti wà lórí òrùlé ilé yẹn nìyẹn.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé Elétí Ehoro gbé ìkàyé yìí délé. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ máa ń yá lẹ́nu. Nígbà tí àwọn ìbejì wọn obìnrin ṣì wà nílé, ariwo àwọn yẹn kò jẹ́ kéèyàn ráyè mọ ẹni tó dákẹ́. Àmọ́ àwọn méjèèjì ti lọ sílé ọkọ, ilé sì ti wá pa rọ́rọ́. Yóò bi ọkọ rẹ̀ pé báwo ni iṣẹ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú ọkàn rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta. Ó máa ń kà á dé ẹ̀sán kí ọkùnrin náà tó sọ pé a dúpẹ́. Tẹ́lẹ̀, ìwà ọkọ mi ló máa ń pè é. Ní báyìí, pupa ló ń rí. Kò bínú o. Ẹ̀rù ló ń bà á, pé ọkùnrin yìí ti fi òun sílẹ̀ láì jáde nílé.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni Ọ̀gá ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tuntun, ó sì ní kí Elétí Ehoro gbé e lọ sílé kó fi dán an wò bóyá ó ń gbọ́ ohùn tó jìnnà. Ó bi ọkọ rẹ̀ bóyá òun lè gbé e sórí tábìlì tí àwọn bá ń jẹun. Ọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ ọ̀hún, ó yẹ ìdí ẹ̀ wò bí ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti kan án, ó sì mi orí pé kò burú. Ẹ̀rọ náà gba ogójì ìṣẹ́jú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe lọ́jọ́ Ajé ni kó gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀, kó sọ fún Ọ̀gá pé ó dáa. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, kó lè fojú ara rẹ̀ rí bí ilé òun ṣe rí lórí ìwé. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ kún ojú ìwé fọ́fọ́. Lápá ọ̀dọ̀ ọkọ, àkámọ́ ló tò lọ: mọ́kànlá, méje, mẹ́rìnlá. Ọwọ́ tí iṣẹ́ ti mọ́ lára kò tiẹ̀ bi í léèrè tó fi kọ Tọkọtaya Kejìlélọ́gbọ̀n sórí ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó lọ mu omi. Kó tó dé, Onípẹ́ńsù ti ko gbogbo ìwé orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ sórí tábìlì ara rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ Ajé.

Elétí Ehoro rí i, kò sì gbà á padà. Kí ló fẹ́ sọ? Ojú ń tì í. Ká má sì parọ́, apá kan nínú rẹ̀ fẹ́ mọ ohun tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ máa sọ.

Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé. Onípẹ́ńsù tẹ́ ìwé sílẹ̀, ìwé náà sì pọ́n bí ojú tí ata ta sí. Ó ní ìgbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ìyàwó béèrè ọ̀rọ̀, ìgbà mẹ́fà péré ni ọkọ dáhùn.

Ó wá sọ pé: “Ọkùnrin yìí ò sí nílé mọ́, mà. Ara ẹ̀ nìkan ló kù níbẹ̀.”

Tíì tó wà lọ́wọ́ Elétí Ehoro kò ṣeé mu mọ́. Ọ̀gá ti gíláàsì sókè imú, ó ka ìwé náà, ó tún un kà. Ó ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni òun mọ̀ pé àwọn ní, agbaninímọ̀ràn wo ló mú àwọn wọ̀nyí wá? Níbo sì ni ohùn wọn wà? Onípẹ́ńsù ní òun ò mọ̀. Nígbà tó yá, Elétí Ehoro gbé ife sílẹ̀.

“Àwa ni, mà. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi.”

Onípẹ́ńsù fi fáìlì bo ojú. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá a wí. Ó ní kó lọ gbé ẹ̀rọ náà wá, kí àwọn fi etí ara àwọn gbọ́ ọ.

Ohùn Elétí Ehoro ló kọ́kọ́ jáde, tó ń sọ fún Bàbá Ìbejì pé oúnjẹ òun mà ti tutù, ṣé tiẹ̀ ṣì gbóná? Lẹ́yìn ìyẹn, ìdákẹ́jẹ́. Ọ̀gá dá ẹ̀rọ dúró, ó béèrè pé ìró kí nìyẹn. Elétí Ehoro ní ìró wo? Ọ̀gá dá a padà sẹ́yìn, ó sì yí i sókè. Nǹkan kan dún lórí tábìlì, ẹsẹ̀ ń lọ, ilẹ̀kùn ké. Elétí Ehoro ronú díẹ̀ kó tó ní àwo òun ni, ọkọ òun ló gbé e lọ sórí iná.

Wọ́n tún gbọ́ síwájú. Obìnrin inú ẹ̀rọ ń ráhùn pé ẹsẹ̀ ń dun òun, kí ni kí òun ṣe sí i ná? Ìṣẹ́jú àáyá méje. Igi kan ń wọ́ nílẹ̀. Ọ̀gá wò ó. Ó ní àpótí ni, ọkọ òun ló tì í sábẹ́ tábìlì kí òun lè gbé ẹsẹ̀ lé e. Ọ̀gá bi í pé ta ló kan àpótí náà. Ó ní òun náà ni, fún ẹsẹ̀ yẹn gan-an ló ṣe kàn án.

Wọ́n dé ibi tó kọ mẹ́rìnlá sí. Ohùn rẹ̀ ti ń le níbẹ̀: “Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ tiẹ̀ ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ?” Ìdákẹ́jẹ́ tún dé. Nǹkan kan rọra ń ha ilẹ̀, ó sinmi, ó tún ha á.

Ọ̀gá bi í pé: “Èyí ńkọ́?”

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Bí ẹnì kan bá ń kà á ni, yóò ti kọjá mẹ́ta dáadáa.

“Àga ẹ̀ ni, mà. Ó ń sún un mọ́ mi.”

Omi lé ròrò sí i lójú. Ọ̀gá jẹ́ kó nu ojú tán kó tó bi í pé, àwọn tọkọtaya ìyókù, tí ṣíbí bá bọ́ lọ́wọ́ wọn lásán, ó máa ń kọ ọ́, kí ló dé tí kò kọ ìwọ̀nyí? Ó ní òun ò gbọ́ ọ ni, ó ti mọ́ òun létí jù. Ọ̀gá wo ìwé tó pọ́n yẹn títí. Ó ní ẹ̀bi náà kan òun pẹ̀lú, torí òun ló ní ẹnu nìkan ni kí wọ́n máa kà. Wọ́n á tún gbogbo mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì ka ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń ṣe mọ́ ìdáhùn. Onípẹ́ńsù, tó ti fi oṣù mẹ́ta kun ìwé, dorí kodò sórí tábìlì. Àmọ́ ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Elétí Ehoro kí wọ́n tó túká, ó sì ní ọkùnrin náà wà nílé o, ó wà nílé gidi.

Nígbà tí Elétí Ehoro dé ilé, ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fi sánpépà dán ẹsẹ̀ àga. Ó lọ dúró síwájú rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́: ìkàyé, ìwé, pẹ́ńsù pupa, ẹ̀rù tó ti ń bà á láti oṣù mélòó kan wá. Ọkùnrin náà kò dá iṣẹ́ dúró àfi nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí àga tó ń ha ilẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbé sánpépà sílẹ̀.

Ó ní: “Mo ti rò pé o ń gbọ́ mi láti ọjọ́ yìí wá ni.”

Kò sọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Ó yà á lẹ́nu ni. Elétí Ehoro fẹ́ fèsì, àwáwí mẹ́ta ló ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì gbé gbogbo wọn mì. Ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ gbá ìyẹ̀fun igi kúrò lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó tún fi apá aṣọ rẹ̀ nu ibẹ̀. Elétí Ehoro jókòó síbẹ̀.