Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá Wà Lára Ògiri

Ògiri iwájú ṣọ́ọ̀bù ń wúkọ́ nígbà tí Moníṣọlá dé. Lámídì bíríkìlà ń fi irin họ ọ̀dà ara rẹ̀, ògiri sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, ọ̀dà àtijọ́ ti há òun lọ́fun. Moníṣọlá fúnra rẹ̀ ló gbéṣẹ́ náà fún un: kó họ ọ̀dà, kó gé sìmẹ́ǹtì tó ti gbó dànù, kó lẹ táìsì sí gbogbo iwájú ilé, kí àwọn tó ń wá ra àga ní Ìkìrun má baà máa wo ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ bí ilé ahoro. Ilé ahoro kọ́ o! Àga tuntun ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Ọ̀dà aláwọ̀ ewé bọ́, aláwọ̀ eérú yọ lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn náà bọ́, búlúù yọ. Oòrùn ọdún tí wọ́n kun búlúù jáde láti ibẹ̀, ó ràn sí Moníṣọlá lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kéré nínú bàtà, ó di ti ọmọ ọdún méje. Ó ní kí Lámídì máa báṣẹ́ lọ.

Ó wọlé lọ bu omi tí Lámídì máa mu. Gbogbo àga orí àtẹ ti kọ ẹ̀yìn sí i. Ó kí wọn, wọn ò jẹ́ ẹ, àfi tìmùtìmù kan tó ṣì wà nínú ọ̀rá ló lanu.

"Ẹni tó kọ́lé ń bọ̀. Ẹ gbé mi síwájú, orí mi ni yóò jókòó sí."

Nígbà tí Moníṣọlá jáde, bàbá rẹ̀ ti wà lórí àkàbà. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí bàbá náà, Ọlátẹ́jú káfíńtà, kú. Fóòmù ni Moníṣọlá lọ rà n'Ílọrin lọ́jọ́ náà. Kò bá a lójú ayé, kò di ọwọ́ rẹ̀ mú kó tó lọ, ọ̀rọ̀ náà sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn títí dòní. Ó kúnlẹ̀. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ òsì sí i.

Ọwọ́ òsì! Bàbá tó ti gbá a létí rí nítorí pé ó fọwọ́ òsì gbé omi fún àlejò!

"Bàbá, kí ni mo ṣe yín?"

Bàbá ká apá aṣọ ọ̀tún sókè. Ọwọ́ kò sí níbẹ̀. Kò ṣẹ̀jẹ̀, sìmẹ́ǹtì gbígbẹ ló wà lójú ibi tó gé sí.

"Ìwọ lo ní kí wọ́n gé e," ó wí, kò bínú. "Mi ò sì fẹ́ fi òsì kí ọmọ mi."

Ìgbà yẹn ni Moníṣọlá tó rántí. Lọ́jọ́ tí wọ́n rẹ́ ilé náà tán, kí sìmẹ́ǹtì tó gbẹ, bàbá rẹ̀ tẹ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ojú ọwọ́ náà kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Moníṣọlá fúnra rẹ̀ ló sọ fún Lámídì pé kó gé gbogbo ẹ̀, kó má dá nǹkan kan sí. Yéè, mo gbé!

Ó sáré lọ pé kí Lámídì dúró. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ máa gé e lọ." Ó tún pariwo. "Ẹ máa gé e lọ."

"Mo ti gbọ́ yín, Àǹtí," Lámídì wí, ó gbé òòlù sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bàbá ti ń gun àkàbà padà. Òòlù ró.

Moníṣọlá ta jí. Ọ̀sán gangan ni, orí àga títà ló sùn lọ sí, ọ̀rá ara àga lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Òòlù ń ró níta lóòótọ́. Kò dúró wọ bàtà. Sìmẹ́ǹtì iwájú ilé ti wà nílẹ̀ tán, àfi ìwọ̀n àwo ọbẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Àǹtí, ẹ má bínú," Lámídì wí, òógùn bò ó. "Mo ti lu ibí yìí títí, kò gbà."

Moníṣọlá ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ojú ọwọ́ bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ gbóná. Ògiri náà sì rọra bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.