Ẹrẹ̀ Dúdú Lábẹ́ Etí Ẹja

Katapílà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja, torí katapílà ló ń wà. Orí pèpéle irin tó léfòó lójú odò ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lé, òun ló sì ń fi ọwọ́ gígùn rẹ̀ kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò kúrò, kí ọkọ̀ ńlá lè rí ọ̀nà kọjá. Ó mọ iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Bó bá jókòó ti oúnjẹ, àfi kó ròyìn bí kò ṣe sí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ yá tó tòun, títí ìyàwó rẹ̀ á fi ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí ẹnu ráyè jẹun.

Òfin kan wà tí ọ̀gá wọn ò fi ṣeré. Kí wọ́n tó gbẹ́ ohunkóhun, wọ́n gbọ́dọ̀ na tapólì sínú omi yí ẹ̀rọ ká, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ìdọ̀tí tí wọ́n bá rú sókè má baà bá omi lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, tapólì ti ya. Rírán an á jẹ gbogbo àárọ̀, ọ̀gá ò sì sí nítòsí. Katapílà ní ṣé torí ẹrẹ̀ lásán lòun á ṣe fọwọ́ lẹ́rán. Ó tan ẹ̀rọ.

Kì í ṣe ẹrẹ̀ lásán. Ilé iṣẹ́ aláwọ kan, tó ń fi oògùn ṣe awọ ẹran, ti wà létí odò níbẹ̀ rí. Ọjọ́ pẹ́ tó fi ń da omi oògùn sódò kó tó kógbá wọlé, gbogbo rẹ̀ ló sì lọ sùn sábẹ́ ẹrẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ gbé jáde dúdú bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti gbó, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Katapílà rí i, ó gbóòórùn ẹ̀, ó rí bí omi ṣe ń gbé dúdú yẹn lọ. Ó ti fèrèsé ẹ̀rọ, ó ń báṣẹ́ lọ. Kí lèèyàn fẹ́ pe irú ìwà báyẹn?

Níbi tí omi odò yẹn ń ṣàn lọ, lẹ́yìn ilé tí gbogbo wọn jọ ń gbé, ni ìyá ìyàwó rẹ̀ ti ń sin ẹja nínú àwọ̀n. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹja ti yíkùn sókè. Ìyá náà káwọ́ lérí, ó ń wò wọ́n. Oúnjẹ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fún wọn ló rò pé ó pa wọ́n. Ọmọ rẹ̀, ìyàwó Katapílà, tún wá bu iyọ̀ sójú egbò: ó ní ṣebí òun kìlọ̀, màmá ò ríran ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò oúnjẹ dáadáa mọ́, kí wọ́n fi ẹja sílẹ̀, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Katapílà ni ìyá yíjú sí.

"Má bínú, ọkọ ọmọ mi. Ara ti di ara àgbà. N ó kó àwọ̀n yẹn tà."

Obìnrin tó fi ẹja tọ́ ọmọ, tó fún Katapílà ní ìyàwó àti ilé, òun ló ń bẹ̀ ẹ́. Ojú ti Katapílà débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, á kó sí i. Síbẹ̀, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé kí wọ́n má dààmú, pé irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, òun ló wá ń dárí ji ìyá.

Ìyá ní kó bá òun di báàfù mú. Ó mú ẹja kan, ó fi ọ̀bẹ gbé etí rẹ̀ sókè. Ibi tó yẹ kó pọ́n, ẹrẹ̀ dúdú ló dí i pa, ó kúnná bí àtíkè. Òórùn ẹyin bíbàjẹ́ gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ìyá gbé ẹja sún mọ́ imú. Òórùn yìí kan náà ló bá sòkòtò kan wọlé lánàá. Ó wo bùútù Katapílà lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹrẹ̀ gbẹ mọ́ lára. Ó wá ju ẹja padà, ó sì sọ ọ́ kí ọmọ rẹ̀ lè gbọ́:

"Oúnjẹ náà ni. Èmi ni mo ṣì í ṣe."

Katapílà gbé báàfù sílẹ̀.

"Màmá, kì í ṣe oúnjẹ. Èmi ni. Mi ò na tapólì."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Ìyá ò pariwo, bẹ́ẹ̀ ariwo ni ì bá tù ú lára.

"Mo mọ̀," ni ìyá wí. "Mo kàn ń wò ó bóyá wàá jẹ́ kí èmi nìkan ru ẹ̀bi yẹn ni." Ó nu ọ̀bẹ. "Ẹja ti kú, ó ti kú. Àwọn tó ń pọn odò yìí mu nísàlẹ̀ ńkọ́?"

Katapílà ní òun á pe ọ̀gá òun, kí ilé iṣẹ́ fi mọ́tò kéde. Ìyá ní kó pè é o, ṣùgbọ́n kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ kìlọ̀ fún wọn láti ilé dé ilé ná, omi ò ní dúró de mọ́tò. Ó sì ní kó wọ bùútù rẹ̀, kí wọ́n lè rí ẹrẹ̀ ara ẹ̀.

Ọ̀nà tó máa ń yan kọjá, ó ń rìn ín bí ẹni tó jí nǹkan gbé. Ilé àkọ́kọ́ ni ti aránṣọ tó rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Kò tíì kan ilẹ̀kùn tán tí obìnrin náà fi ṣí i. Inú rẹ̀ dùn, ó ní Katapílà mà rántí àwọn lónìí. Kó tó lanu, obìnrin náà ti na ife omi tí wọ́n pọn lódò láàárọ̀ sí i. Ó ní kó mu ún, kí ọ̀fun rẹ̀ lè tutù, pé gbogbo ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tiwọn tán ni.